Ẹ̀bẹ̀ Lórí Rédíò Jíìpù Ibùdó Òkè àti Ibi Tí Ọkọ̀ Náà Ń Kọjú Sí

Ilé Ìfọṣọ Alágbàfọ̀ Ẹ̀yìn Ọgbà,
Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ìdíkọ̀ Àtijọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, ọdún 2016.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Ṣàkóso Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Igbó,
Ilé Alájà Méjì,
Ọgbà Ìgbọ́kọ̀sí.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE YỌ RÉDÍÒ TÓ WÀ NÍNÚ JÍÌPÙ IBÙDÓ ÒKÈ, KÍ Ẹ SÌ JẸ́ KÍ Ẹ́RÍÀLÌ RẸ̀ PADÀ SÍ ÀÁRÍN ÒRÙLÉ ỌKỌ̀

1. Èmi ni ìyàwó ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ Ibùdó Òkè, ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ yín mọ̀ sí Bàbá Rọra nítorí bó ṣe máa ń wakọ̀. Alágbàfọ̀ ni mí. Bí ẹ bá wo ọrùn ẹ̀wù tí ẹ wọ̀ sí ìpàdé lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo lọ̀ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ aṣọ iṣẹ́ yín ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Mi ò fi èyí wá ojúrere. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àlejò ló ń kọ̀wé sí yín.

2. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni àṣẹ tí ọ́fíìsì yín pa pé kí wọ́n yọ rédíò ìbánisọ̀rọ̀ àti ẹ́ríàlì tó wà lára jíìpù Ibùdó Òkè kí oṣù yìí tó parí. Àbúrò ọkọ mi ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó wá yọ ọ́, nítorí òun ló fi í síbẹ̀. Lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti gbọ́. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan fún mi. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní òṣìkà o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló rojọ́ níwájú yín, ẹnì kejì panu mọ́, kò sì sí adájọ́ tí ìyẹn ò lè ṣì lọ́nà. Ẹjọ́ ẹnì kejì yẹn ni mo wá rò.

3. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ ní Ibùdó Òkè. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ilé síbẹ̀. Ọkọ mi ń wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, fún ọjọ́ mélòó kan péré, oorun ló sì máa ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sùn. Àwọn ọmọ wa ti dàgbà, kálukú ti wà nílé tirẹ̀. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sókè, oúnjẹ ẹni méjì ni mo ṣì ń sè, màá wá fi ìbínú jẹ ìyókù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo ẹni tó bá ti orí òkè bọ̀ ni mo máa ń bi bóyá ó rí i. Wọ́n á ní àwọn rí i, ara rẹ̀ le. Ara rẹ̀ le. Gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ nípa ọkọ tí mo fẹ́ níṣojú ẹbí nìyẹn. Ó tó ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà ẹ̀yìn, tí màá yọjú, tí màá rí i pé omi ló ń kán lára ìkòkò.

4. Lọ́dún tó kọjá, ọ́fíìsì yín fọwọ́ sí i pé ẹ̀ṣọ́ tó bá fẹ́ lè fi rédíò ìbánisọ̀rọ̀, irú èyí táwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, sínú ọkọ̀ tó ń lò. Àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Eyínafẹ́ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, jẹ́ rẹ́wáyà. Iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ṣe iṣẹ́ náà, lójú mi. Ó fa wáyà iná rédíò tààrà láti orí bátìrì, ó fi fíúsì sí i nítòsí ibẹ̀, ó sì so rédíò mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí orúnkún awakọ̀ kò ti ní máa gbá a. Lẹ́yìn náà ló gun òkè ọkọ̀. Ó wọn òrùlé rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, ó wọ̀n ọ́n láti iwájú sẹ́yìn, ó lu ihò kan sí àárín gbùngbùn rẹ̀, ó sì ha ọ̀dà etí ihò náà títí irin fi yọjú. Ó ní bí irin ò bá kan irin, ọ̀ṣọ́ lásán ni ẹ́ríàlì ń ṣe. Ọkọ mi dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń ní kó rọra, kó rọra. Ẹ̀ bá rò pé agbárí tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lu ihò sí.

5. Nígbà tí Eyínafẹ́ so ẹ́ríàlì náà mọ́ ihò yẹn tán, wọ́n wa ọkọ̀ náà lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí kò sí ògiri àti òpó iná. Eyínafẹ́ ti gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa, ó so mítà kékeré kan mọ́ wáyà ẹ́ríàlì, ó sì ń fa ọ̀pá ẹ́ríàlì náà sókè sódò títí ọwọ́ mítà náà fi lọ síbi tó fẹ́. Ó ti so irú rédíò náà kan fún èmi náà nínú ṣọ́ọ̀bù: ó wà lórí pẹpẹ lókè tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, ẹ́ríàlì rẹ̀ sì wà lórí páìpù irin lẹ́yìn ilé. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ bí àwọn oníròyìn, ẹnì kan tiẹ̀ ti bẹ̀ mí pé kí n bá òun polówó ilé tí òun fẹ́ fi rẹ́ǹtì.

6. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ mi padà dé òkè, mo tan rédíò. Ohùn rẹ̀ wọlé ketekete, bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ó bi mí bóyá omi ẹ̀rọ ti dé. Mo ní ó ti dé. Ó ní ó dáa. Mo jókòó sórí àpò aṣọ àwọn oníbàárà, mo sì sunkún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó sọ ló pa mí lẹ́kún. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ bí ojú bá jìnnà, ohùn ló kù fúnni.

7. Mo gbọ́ pé ẹ̀sùn kan nínú ìwé yín ni pé ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́ la máa ń sọ. Òótọ́ ni. A máa ń sọ ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ orúnkún mi tó ń dùn mí, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbàgbé bírò sínú àpò ẹ̀wù funfun. Rédíò yìí kò sì ní àṣírí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú rẹ̀ lágbègbè ń gbọ́ wa, nítorí náà kò sí ohun tí a ń sọ níbẹ̀ tí a kò lè sọ níwájú àna. Awakọ̀ típà kan tí mi ò rí rí já lu ọ̀rọ̀ wa lọ́jọ́ kan láti júwe ìpara tí ìyá rẹ̀ fi ń ra orúnkún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yín tó kù, bí wọ́n bá pàdé mi ní títì, orúnkún mi ni wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó béèrè èmi fúnra mi. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí ọkọ mi bá ti fi rédíò ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ilé ìṣọ́ ròyìn ọjọ́ fún yín tán. Kì í sì í pẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ni ẹ fẹ́ kí ẹni tó wà lórí òkè lóun nìkan bá ìyàwó rẹ̀ sọ?

8. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ́ nìyí. Ẹ kọ́ òrùlé tuntun sí ẹnu ọ̀nà ọgbà ìgbọ́kọ̀sí yín. Jíìpù Ibùdó Òkè wá fún àyẹ̀wò, ọkọ mi sì rọra wọlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ́ríàlì kan etí òrùlé náà, ó tẹ̀ sẹ́yìn, nítorí sípíríǹgì wà ní ìdí rẹ̀. Nígbà tó bọ́, ó ta padà, ó sì gbá gílóòbù iná yín tó wà lábẹ́ òrùlé náà fọ́. A tọrọ gáfárà nígbà yẹn, mo tún ń tọrọ rẹ̀ báyìí. Ọ́fíìsì yín pàṣẹ pé ẹ́ríàlì kankan kò gbọdọ̀ wà lórí òrùlé ọkọ̀ mọ́. Eyínafẹ́ fi rọ́bà dí ihò òrùlé, ó sì gbé ẹ́ríàlì lọ sí igun ẹ̀yìn lápá òsì, lórí bọ́ńpà.

9. Láti ọjọ́ yẹn ni ohùn ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà. Ọ̀gá tó wà níbi tí ẹ ti ń tún ọkọ̀ ṣe ló là á yé Eyínafẹ́, òun náà sì là á yé mi. Bí ẹ́ríàlì bá wà láàárín òrùlé, yíká-yíká ni ohùn ń lọ, lọ́gbọọgba. Bó bá wà ní igun ẹ̀yìn, ibi tí irin ọkọ̀ pọ̀ sí ni ohùn ń tẹ̀ lé, ìyẹn ni pé ibi tí ọkọ̀ bá kọjú sí ló ń lọ jù. Òfin yín sì ni pé jíìpù ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí igbó nígbà gbogbo, kí iná tàbí àwọn agégi má baà ká a mọ́ ibi tó ti ń yí ọkọ̀. Òfin tó dáa ni. Àmọ́ bí jíìpù bá kọjú sí igbó, ó kọ̀yìn sí ìlú. Gbogbo kíkí tí ọkọ mi ń kí mi lákòókò yẹn, àwọn ọ̀bọ ló ń gbọ́ ọ.

10. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ibi tó ti lọ wo ojú ọ̀nà nínú igbó dé, kò tíì yí ọkọ̀ padà, iwájú rẹ̀ ṣì wà ní ọ̀nà ìlú. Ó pè mí. Ohùn náà kún inú ṣọ́ọ̀bù. Mo pariwo débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ọrùn ẹ̀wù kan, ó sì jó o. Mo bẹ ẹni tó ni ín, ó gbà. Láti ìgbà náà, bó bá ti ròyìn fún yín tán, ọkọ mi á yí jíìpù kó kọjú sí ìlú, a ó kí ara wa, á sì yí i padà. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn: á ní òun ti yí i o. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ti sọ fún mi láti ìgbà èwe wa, mi ò mọ èyí tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀.

11. Ọ̀gá alábẹ̀wò yín gòkè lọ nírọ̀lẹ́, ó bá jíìpù tó kọjú sí ìlú. Ó tún lọ, ó tún bá a bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jà. Ohun tó rí ló kọ. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ ló mọ̀ pé jíìpù tó kọjú sí ìlú, ọkọ̀ ẹni tó fẹ́ sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó kọ ọ́ pé ọkàn Bàbá Rọra kò sí lórí òkè mọ́, ilé ló kọjú sí. Ẹ fún ọkọ mi ní kúẹ́rì, ẹ ní kó wí tẹnu rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló fi dáhùn: pé òun jẹ̀bi, kí ẹ ṣàánú òun.

12. Ẹ̀yin ọ̀gá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkùnrin tó ti ń múra àtifẹ̀yìntì, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní bàbá, kò lè kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé òun ń yí ọkọ̀ nítorí kí ìyàwó òun lè gbọ́ ohùn òun. Ojú tì í. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ẹ pè é ní ẹni tó fẹ́ sá níbi iṣẹ́ ju kí ẹ pè é ní ẹni tí àárò ilé ń sọ. Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà nínú ìgbìmọ̀ mọ irú ìtìjú yẹn ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ìdí rèé tí èmi fi ń sọ̀rọ̀. Ojú kò ti èmi. Àárò ọkọ mi ń sọ mí. Mo kọ ọ́ síbí, mo sì fọwọ́ sí i.

13. Mo ti kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì yín fúnra mi. Mo jókòó lórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, níbi tí fáànù kì í fẹ́ dé. Akọ̀wé yín kí mi dáadáa, ó sì béèrè orúnkún mi. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní kò sí fáìlì tí òun lè fi ọ̀rọ̀ tọkọtaya sí, pé kí n wá ohun tó kan iṣẹ́ kọ. Ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n sọ pé rédíò yìí ti gba ẹ̀mí là rí, tàbí pé ó ti jẹ́ kí wọ́n tètè pa iná kan. Ire ló fẹ́ fún mi, àmọ́ irọ́ ni. Kò tíì gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là. Rédíò ilé-iṣẹ́ yín ló ń ṣe ìyẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ohun tí tiwa ń ṣe kò ju pé ó ń gbé ohùn ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó sì ń gbé ti ẹnì kan gòkè. Bí ìyẹn ò bá tó, mi ò ní òmíràn tí mo lè fi kún un.

14. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí Eyínafẹ́ dá ẹ́ríàlì náà padà sínú ihò àárín òrùlé, lórí ìdí tuntun tó ṣeé dà dùbúlẹ̀, tí awakọ̀ á fi ọwọ́ dà kó tó dé ẹnu ọ̀nà yín, tí á sì gbé dìde bó bá jáde. Ó ti dán irú rẹ̀ wò lára ọkọ̀ mìíràn, mo rí i. Jíìpù á máa kọjú sí igbó bí òfin ṣe wí, gílóòbù yín á wà láìfọ́, ohùn á sì máa lọ yíká. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbà á láyè kó máa yí ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀ nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìròyìn. Bí ẹ bá sì rí i pé ó yẹ kí ó jìyà nítorí pé ó ti ń yí i láìgbàṣẹ, ẹ fi ìyà tó bá yẹ jẹ ẹ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti rédíò kún un.

15. Láti ìgbà tí kúẹ́rì ti dé, ọkọ mi kò yí jíìpù mọ́. Igbó ló ń kọjú sí. Ó ṣì ń pè mí nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú ohun tó ń sọ. Eyínafẹ́ ní ó ṣeé ṣe kó máa gbọ́ tèmi, nítorí orí òkè dákẹ́, kò sí jẹnẹrétọ̀ àti iná títì tó ń da ohùn rú bíi ti ìsàlẹ̀ níbí. Ní tèmi, rédíò kàn máa ń hó ṣàà ni. Bí ọkọ mi bá tẹ bọ́tìnnì láti sọ̀rọ̀, híhó náà á dákẹ́. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

16. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí Eyínafẹ́ ti ròyìn ohun gbogbo fún mi, mo pe ọkọ mi lórí rédíò. Mo ní mo ti gbọ́ nípa kúẹ́rì, mo sì ti gbọ́ èsì tó kọ. Mo ní kó má tijú pé ó kọjú sí ilé, torí láti ọjọ́ tó ti lọ ni èmi náà ti yí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ kọjú sí ọ̀nà òkè. Híhó náà dákẹ́. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn méjì, ó ti parí. Lọ́jọ́ náà, híhó náà dákẹ́ títí áyọ́ọ̀nù ọwọ́ mi fi tutù. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, kò bá mi sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yín tó wà lápá igbó ló gbọ́ ọ. Mo bi ọ̀kan nínú wọn nígbà tó gbé aṣọ wá. Ó wolẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà dáa, ó dáa gan-an ni, àmọ́ kì í ṣe ẹnu òun ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ. Bí ọkọ mi bá sì wálé, tí mo bá bi í lójúkojú, mo mọ̀ pé yóò ní kò sí nǹkan kan. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, kí oṣù yìí tó parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún un sọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí rédíò mi wà ní títàn,

Alágbàfọ̀ Ẹ̀yìn Ọgbà,
Ìyàwó Ẹ̀ṣọ́ Ibùdó Òkè.